Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Agbára Ọdẹ

Ǹjẹ́ ẹ ti gun òkè Ìdànrè rí? Ìlú Odòde wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a ń gbà gun ibẹ̀ lé ní 600. Kì í pẹ́ tí àlejò tí ó bá ń gùn ún fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wá ro ti ọdẹ tí ó ń gun irú òkè bẹ́ẹ̀ ní òru, pẹ̀lú ìbọn ní èjìká, àdá ní ọwọ́ àti àpò ní ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn ni agbára ọdẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti rẹ ọdẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Ọwọ́ tí ń gbọ̀n kò lè ta ibi tí ojú ń wò. Ẹran lè fara gbọta, kí ó sá lọ kú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n, ó lè yí padà kọ lu ọdẹ. Ìbọn ṣakabùlà kì í sì í dún lẹ́ẹ̀kejì àfi bí a bá tún un kì. Ọdẹ tí ara rẹ̀ yá, tí ó lè tètè gun igi, ni orí yóò kó yọ.

Báwo ni àwọn ọdẹ ṣe ń mú ara wọn le? Iṣẹ́ oko ni eré ìdárayá wọn: igbó ṣíṣán, ebè kíkọ àti kòkó rírù. Láti kékeré ni ọmọ ọdẹ ti ń tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ dẹ òkété àti ọ̀yà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le, títí yóò fi lè lépa ìgalà àti túùkú. Bí ó bá sì pa ẹran, òun ni yóò rù ú délé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ a máa gun òkè ńlá láti lépa elk, ẹranko kan tí ó jọ àgbọ̀nrín. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 300 kìlógíráàmù lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi oṣù púpọ̀ ru ẹrù wúwo gun òkè kí àkókò ọdẹ tó dé. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ẹran má baà tán nínú igbó.

Èyí kan àwa náà. Ní ayé àtijọ́, erin pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ìwọ̀nba ni ó kù. Ní ọdún 2021, àjọ àgbáyé IUCN kéde pé erin inú igbó wà nínú ewu ńlá láti parun. Nítorí náà, ọdẹ tí ó lágbára láti pa ẹran, tí ó sì mọ èyí tí kò yẹ kí òun pa, òun ni ògbójú ọdẹ.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ọdẹ bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́?
2. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ń mú ara ọdẹ le.
3. Kí ni ìdí tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń gba ìwé àṣẹ?
4. Ta ni ògbójú ọdẹ? Ṣàlàyé ní ọ̀rọ̀ ara rẹ.