Bí A Ṣe Ń Mọ Ehoro Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá



Ẹran kékeré ni ehoro, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nǹkan bí ọjọ́ 31 péré ni abo rẹ̀ fi ń gbé oyún, ó sì lè bí ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ewéko àyíká ilé ni ó ń jẹ, kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí wọ́n sì pa á tì, nítorí pé wọ́n jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá òkú nínú àgò, wọ́n sì wí pé, “Ó mà ṣì ń jẹun lánàá!” Nígbà púpọ̀, kì í ṣe àná ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Àmì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó kà á sí ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ̀kọ́ inú ìwé yìí ni bí a ó ṣe tètè mú olè náà.

Ìdí tí ehoro fi ń fi àìsàn pamọ́

Ewúrẹ́ tí inú ń run a máa ké. Ehoro kì í ké, àfi bí ó bá wà nínú ìrora ńlá tàbí ìbẹ̀rù ikú. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi àárẹ̀ hàn ni ẹranko apẹranjẹ ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà ni ó fi ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Nígbà tí kò ti ní ohùn, ojú olówó rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ẹnu fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ara rẹ̀ le

Ehoro tí ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ a mọ́ kedere, irun rẹ̀ a máa dán, imú rẹ̀ kò ní ikun. Bí a bá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gún wa lọ́wọ́. Imí rẹ̀ a rí roboto, a gbẹ, a sì tóbi bákan náà.

Ohun méjì wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ehoro, tí kì í sì í ṣe àìsàn. Èkínní, ehoro a máa ya imí rírọ̀ kan, èyí tí ó ń fi ẹnu gbà ní ìdí ara rẹ̀ tí ó sì ń jẹ. Oúnjẹ ni èyí jẹ́ fún un. Ẹ má ṣe dá a dúró. Èkejì, ìtọ̀ rẹ̀ lè funfun bí omi ẹfun, ó sì lè pọ́n nítorí irú ewé tí ó jẹ. Bí ó bá ń jẹun tí ara rẹ̀ sì yá, ẹ má ṣe fòyà.

Ìgbà tí ó yẹ kí a wò ó

Ní ọ̀sán, ehoro a máa sinmi. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà kò lè mọ èyí tí ó ń sùn yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ṣàìsàn. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wò ó. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ yá yóò sáré wá. Èyí tí ó bá káwọ́ jọ sí kọ̀rọ̀, tí irun rẹ̀ dìde, tí ojú rẹ̀ sì ń pa dé, ẹ mú un jáde kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti imú dé ẹsẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ wo abẹ́ àgò kí ẹ tó gbá a, nítorí pé imí ni ìròyìn òru.

Àwọn àmì tí a ń wá

1. Àìjẹun. Ìfun ehoro kò gbọdọ̀ dúró. Èyí tí kò bá jẹun tí kò sì yàgbẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ wà nínú ewu. Ẹ ya ètè rẹ̀ wò: eyín ehoro ń hù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, bí ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá pàdé, wọn a gùn sódì, itọ́ a sì máa rin ín ní àgbọ̀n.

2. Ìgbẹ́ gbuuru àti ikùn wíwú. Èyí ni ó ń pa àwọn ọmọ ehoro jù, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Nígbà púpọ̀, kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí ń gbé inú ìfun, ni ó ń fà á. Ẹyin kòkòrò náà ń bá imí jáde, ṣùgbọ́n ó níláti wà nínú ọ̀rinrin fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè ran ẹran mìíràn. Nítorí náà, ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́ àti ilẹ̀ gbígbẹ jẹ́ oògùn.

3. Sísín àti ikun funfun. Ehoro a máa fi ẹsẹ̀ iwájú nu imú rẹ̀. Ẹ yẹ inú ẹsẹ̀ méjèèjì wò. Bí irun ibẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, ikun ti ń dà, bí imú tilẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ wò ó.

4. Gbígbọn orí àti yíyún etí. Ẹ wo inú etí. Bí èépá aláwọ̀ ilẹ̀ bá wà níbẹ̀, kòkòrò etí ni. Ẹ má ṣe fi ipá ṣí èépá náà, yóò ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ kán òróró sí i kí ó rọ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.

5. Egbò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wáyà tí ó gún tàbí ilẹ̀ tí ó tutù ni ó ń fà á. Ẹ tẹ́ pákó gbígbẹ pẹlẹbẹ sínú àgò.

6. Mímí gule-gule pẹ̀lú ẹnu yíyà. Ooru ni, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún. Ehoro kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ẹ gbé e sí ibòòji, kí ẹ fi omi tútù pa á létí. Ẹ má ṣe rì í sínú omi.

7. Ikú òjijì, tí ọ̀pọ̀ ehoro kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní imú. Àjàkálẹ̀ àrùn kan wà tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì rí i ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Kò ní oògùn. Ẹ fi tó dókítà ẹran ìjọba létí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe tà nínú wọn, ẹ má ṣe jẹ òkú wọn, kí ẹ sì sin wọ́n jìn.

Ohun tí a ó ṣe, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ gbé ehoro tí ń ṣàìsàn sọ́tọ̀. Èyí tí ara rẹ̀ yá ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ fi ti aláìsàn parí, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fún un ní omi mímọ́ àti koríko tí ó ti rọ, tí ìrì kò sí lára rẹ̀.

Ẹ má ṣe ra oògùn ènìyàn bí ampicillin tàbí amoxicillin kí ẹ tú u sínú omi fún un. Oògùn wọ̀nyí ń pa àwọn kòkòrò rere tí ń bá ehoro lọ oúnjẹ nínú ìfun, wọ́n sì lè pa ehoro fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fún un ní wọn lè rò pé àìsàn ni ó pa á.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì fún àwọn ẹgbẹ́

Bí ẹgbẹ́ bá ní akọ ehoro kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń lò, akọ náà lè kó àìsàn ilé kan lọ sí ilé mẹ́wàá. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé abo lọ bá akọ, kí ẹni tí ń tọ́jú akọ náà yẹ imú, etí, ìdí àti ẹsẹ̀ abo náà wò. Bí ó bá rí àbùkù, kí ó dá a padà. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ehoro tuntun tí a bá rà lọ́jà, kí ó dá wà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ni ìdí tí ìrọ̀lẹ́ fi dára ju ọ̀sán lọ fún yíyẹ ehoro wò?
2. Níbo ni a ti lè rí ikun nígbà tí imú mọ́?
3. Báwo ni ìgbálẹ̀ ojoojúmọ́ ṣe ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró?
4. Ta ni yóò máa yẹ abo wò nínú ẹgbẹ́ yín? Ẹ yàn án kí ìpàdé tó tú ká.