Ẹ̀yìnkùlé Ẹni Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ la sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ máa tọ́jú ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, òwe tirẹ̀ gan-an ni. Koríko tó yọ lánàá, ìka méjì ló ń fà á tu. Bó bá lo oṣù méjì, ó di ti alágbàṣe.

Ẹ má dúró de ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ó ro gbogbo rẹ̀. Ibi tó fẹ̀ tó ẹní kan láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ó tó. Àárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú ló dára jù, torí gbòǹgbò a bá ewé jáde. Ọkọ́ wa kúrú ní èèkù, ẹ̀yìn ríro ló ń fún àgbà. Ẹ fi èèkù gígùn sí i, tàbí kí ẹ jókòó sórí àpótí. Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ sì fi ọ̀pá gbọn inú koríko kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò kò mọ ẹni tó hewú.

Ti èkan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, yàtọ̀. Abẹ́ ilẹ̀ lagbára rẹ̀ wà: gbòǹgbò rẹ̀ ní oríkèé bí ìrèké, èyí tó bá sì kù sílẹ̀ yóò tún hù. Àdá kò pa á, iná kò pa á. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat, ewé ló ń jó, gbòǹgbò ń wò ó níran. Bẹ́ẹ̀ ẹnu kan péré nínú oògùn náà lè pa ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin dè é. Ẹ ní kí géndé fi dígà tú ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ̀yin jókòó ṣa gbòǹgbò sínú oòrùn.

Ẹ̀bòlò, odú àti gbúre ńkọ́? Ọbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó tu wọ́n dànù tó tún lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà, owó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Àgbà ló ráyè ìfarabalẹ̀ yìí, nítorí náà ẹ ṣẹ́ igun kan tó jìnnà sí ògiri kù láìro, kí ẹ gbé abọ́ omi síbẹ̀ fún àwọn ẹyẹ, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀fọn. Bí ọ̀pẹ bá wà nítòsí, ẹ gbé àga sí ibi tí ẹ ti lè máa wo ẹ̀gà. Akọ a fẹnu ya ewé ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, a fi hun ìtẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Bó bá hun ún tán, a dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, a máa gbọn ìyẹ́, a máa pariwo pe abo. Abo a wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtẹ́ ò bá rí ẹni gbà á títí tó fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú u ká, tí yóò hun òmíràn. Onílé tó ń wá ayálégbé kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston pé kí wọ́n da kọnkéré yí ilé Màmá ká kí Màmá lè sinmi, ẹ kọ́kọ́ bi Màmá bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà san alágbàṣe fún ibi tí ọwọ́ wọn ò ká, kí ẹ sì ra bàtà òjò tó bá ẹsẹ̀ wọn mu.