Kí Ni Ẹni Tó Kọ Ìwé Yìí Wá Sọ?

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Òde-Ayé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Igbótako, ní Òde-Ìrèlè àti ní Òkìtìpupa, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ohun tó ń dá ọmọ padà nínú ìdánwò, kò sí èyí tó ń dùn mí tó èyí: ọmọ yóò ka àyọkà tán, yóò mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé kí ni òǹkọ̀wé wá sọ, yóò dákẹ́, tàbí kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà sí ọ létí láti òkè. Kì í ṣe pé orí ọmọ náà kò pé. Kò sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án ni.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Nínú ìwé kejì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, àròkọ gba máàkì 50, àkàyé gba 20, ìsọníṣókí gba 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdajì máàkì ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ kókó ọ̀rọ̀ í wá. Ní JAMB, ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan, àkàyé sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá wá wọ yunifásítì, kódà èyí tó wà ní Òkìtìpupa nítòsí wa yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tí wọ́n máa kó lé yín lọ́wọ́. Ẹ fetí sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi.

1. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ kò ṣàjèjì sí ọ.

Rántí ìgbà tí ìyá rẹ rán ọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lè ti sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ó mẹ́nu ba òjò àná, ó mẹ́nu ba owó ọkọ̀ tó lọ sókè, ó ní orúnkún ń dun òun. Nígbà tí o débẹ̀, kí lo sọ? "Màámi ní kí ẹ má retí àwọn lọ́jà lọ́la." O fi òjò sílẹ̀, o fi orúnkún sílẹ̀, o jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ. Ẹni tó ti ń jíṣẹ́ báyìí láti ọmọ ọdún mẹ́fà ti mọ bí a ṣe ń mú kókó ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ni kò jẹ́ kó rántí pé òun mọ̀ ọ́n.

2. Kà á dópin lẹ́ẹ̀kan kí o tó fa ìlà kankan.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní fàráńdà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ní kí n bá òun wo iṣẹ́ òun. Bírò pupa ló fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ni kò fà sí. Ọ̀kan nínú méjèèjì gan-an ni ohun tó ń wá. Mo bi í pé kí ló dé tó fi fo ìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn ò le. Kò sí gírámà níbẹ̀."

Ó ti gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ ńláńlá bá wà ni ọ̀rọ̀ pàtàkì wà. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ: lọ́dọ̀ àwa tí a máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó bá pe ọ̀rọ̀ gígùn. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́. Nítorí náà, ka gbogbo rẹ̀ dópin. Kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá mú pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, kí o kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ìpínrọ̀ náà wá ṣe.

3. Mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń fara pamọ́ sí.

Nílé wa, àgbà kì í já lu ọ̀rọ̀. A ó kí ara wa, a ó pa òwe, a ó yí ọ̀rọ̀ náà ká, nígbà tí etí gbogbo ènìyàn bá ti là tán ni kókó rẹ̀ yóò tó balẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé ẹ̀kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ìdí, òǹkà àti àpẹẹrẹ ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá tó ń retí kókó níkẹyìn yóò ti kọjá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Má fi èyí ṣòfin o. Ká ní o ń ka ìpínrọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ọmọ tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Gbólóhùn kejì ṣàlàyé ẹ̀rù àwọn òbí náà. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "however", ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Bí wọ́n bá bi yín ní kókó ìpínrọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò mú gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ ó sì kùnà. Ẹnu àwọn òbí ni òǹkọ̀wé fi sọ ìyẹn. Kò ya ẹnu tirẹ̀ títí tó fi dé "however". Nígbàkígbà tí o bá rí "some people believe" tàbí "it is often said", fura: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló gbé kalẹ̀ kó lè já a. "But", "yet" àti "nevertheless", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú "however". "Therefore" àti "thus" ní iṣẹ́ tiwọn: níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń kó gbogbo ohun tó ti ń sọ bọ̀ jọ sójú kan.

4. Má fi àpẹẹrẹ rọ́pò ọ̀rọ̀.

Ẹ ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe púpúrú. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún títí tí yóò fi rọ̀, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀ dànù, wọ́n á kó o sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi lè ro, wọ́n á mọ ọ́n rìbìtì, wọ́n á wá tò ó sórí àjà iná. Nígbà tó bá gbẹ tán, èéfín á ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Èéfín yẹn wúlò, òun ni kò jẹ́ kó bàjẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rò ó yóò họ dúdú náà kúrò kó tó gún un.

Bí àpẹẹrẹ, òǹkà, orúkọ ìlú àti ìtàn kéékèèké ṣe rí nínú àyọkà nìyẹn. Àwọn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé bàjẹ́ lójú ẹni tó ń jiyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe oúnjẹ náà. Bí o bá rí "for example" tàbí "such as", fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ la ohun tó tẹ̀ lé e kọjá títí tí àpẹẹrẹ náà yóò fi parí. Wá ka ohun tó ṣẹ́kù.

5. Wọn ìdáhùn rẹ wò: ṣé kò fẹ̀ jù, ṣé kò há jù?

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kí Gẹ̀ẹ́sì má bàa dí yín lójú.

Láàárín 1908 sí 1914, Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè wa, wọ́n ń wá epo àti ọ̀dà. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró. Láti ìgbà náà, ìjọba kan ń lọ, òmíràn ń dé, púpọ̀ nínú wọn sì ṣèlérí pé àwọn yóò wa ọ̀dà náà. Títí di òní, òkèèrè ni a ti ń ra ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì, nígbà tí tiwa ń sun jáde lójú ilẹ̀ ní Àgbábù.

Kí ni kókó rẹ̀? Wọ́n lè fún ọ ní mẹ́rin: (a) ọ̀dà jẹ́ ohun àlùmọ́ọ́nì tó wúlò, (b) ogun ló dá iṣẹ́ náà dúró ní 1914, (d) ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń wá ọ̀dà ilẹ̀ wa, síbẹ̀ a kò tíì jàǹfààní rẹ̀ bó ṣe yẹ, (e) ìjọba kórìíra àwọn ará agbègbè Òkìtìpupa.

(a) jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ ni: ó lè bá ẹgbẹ̀rún ìpínrọ̀ mu. (b) wà níbẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló bò, ìyókù wà ní ìhòòhò. (e) kò sí níbẹ̀ rárá. Ìbínú òǹkàwé ló mú un wá. (d) ló bo gbogbo rẹ̀. Ẹ wá kíyè sí i pé kò sí gbólóhùn kan tó sọ (d) tààrà. Ìbéèrè méjì ni mo fi rí i. Ọ̀rọ̀ ta ni tàbí ọ̀rọ̀ kí ni a ń sọ? Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ilẹ̀ wa. Kí wá ni a sọ nípa rẹ̀? Ìbéèrè kejì yìí ni ọmọ púpọ̀ kì í bi ara wọn. Bí o bá dáhùn pé "ọ̀dà", orí ọ̀rọ̀ lo mú, o kò tíì mú kókó.

6. Sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀ kí o tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Pa ìwé dé. Sọ ohun tí o kà fún àbúrò rẹ ní gbólóhùn kan, ní Ìkálẹ̀, ẹ̀yà Yorùbá agbègbè wa tí ẹ fi ń ṣeré. Bó bá tún bi ọ́ pé kí wá ni ìtumọ̀ ìyẹn, padà sínú ìwé.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, pátákó ni a máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Èmi náà so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò tìtorí rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Wọ́n kàn kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Ìkálẹ̀ ló ń dí yín lọ́wọ́.

7. Má ṣe da ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kọ.

Nínú ìsọníṣókí WAEC, ẹni tó bá gbé gbólóhùn inú àyọkà bó ṣe wà sínú ìdáhùn rẹ̀ kò ní gba nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní gbólóhùn mẹ́ta, kọ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró fún kókó kan. Gẹ̀ẹ́sì kúkurú tó jẹ́ tìrẹ ni kí o fi kọ ọ́.

8. Ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ kò gbọdọ̀ dá ọ dúró.

Fi àmì sí i, kí o máa lọ. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká sábà máa ń tú u. Tó bá di alẹ́, wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ìpínrọ̀ kan lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó, ẹ má kó mẹ́wàá jọ di ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ó bá rú lójú, kó mú àyọkà náà wá sí fàráńdà mi ní ìrọ̀lẹ́, mo wà nílé. Kó mú pẹ́ńsù dání.