Fóònù Wa Lè La Ọ̀nà fún Kọ̀ǹpútà

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ṣe ń ka iye dátà tó kù lórí fóònù wa. Lónìí, a ó kọ́ bí a ṣe lè fi dátà kan náà ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé fóònù yín sí iwájú yín. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni èyí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹnu nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún yín. Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wọlé, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí aago méjìlá òru tó lù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní lè jókòó ṣe ìdánwò. Gbogbo ìwé tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, iná ti lọ, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò ní Pànṣẹ́kẹ́ sì ti tilẹ̀kùn. Fóònù tirẹ̀ ti já bọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Wákàtí kan àbọ̀ péré ló kù.

Ọmọ ní, "Màámi, ṣé dátà wà lórí fóònù yín?"

Ìyá ní, "Ó wà. Mo rà á láàárọ̀ kí n lè máa fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé e wá kí n tàn án sí kọ̀ǹpútà."

"Rárá o. Sọ orúkọ ohun tí à ń wá fún mi. Èmi fúnra mi ni n ó wá a."

"Hotspot ni wọ́n ń pè é, mà."

"Létà wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"H ni, mà."

Ìyá wọ awò ojú rẹ̀. Ó rí H, ó rí O, ó rí T. Ó tẹ̀ ẹ́. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ìwé ọmọ ti dé ibi tí ó ń lọ. Nígbà tí ìyá dé kíláàsì ní ọjọ́ kejì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Àwọn yòókù ní àfi kí n kọ́ àwọn náà. Ohun tó bí ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí fóònù ìyá yẹn ṣe gan-an.

Ọ̀nà jíjìn ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá bá wa. Abẹ́ òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà, nínú okùn ńlá tí fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn okùn náà, MainOne, ti ilẹ̀ Pọtogí wá gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2010. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn abẹ́ òkun wọ̀nyí bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹ lè rántí pé báńkì pàápàá kò rí iṣẹ́ ṣe dáadáa nígbà náà. Láti Èkó, ìsọfúnni ń gba inú okùn tí a rì mọ́lẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, títí dé ìdí òpó onírin gíga tí ẹ ń rí káàkiri Abẹ́òkúta. Láti orí òpó ni ó ti ń gba inú afẹ́fẹ́ wá sínú fóònù yín. Síìmù inú fóònù ni òpó fi ń dá yín mọ̀.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi tí a ń ki síìmù sí. Òpó lè wà ní ẹ̀yìnkùlé yín gan-an, kọ̀ǹpútà kò ní lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ògbufọ̀ kóòtù láyé àwọn Òyìnbó. Adájọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, olùpẹ̀jọ́ sọ Yorùbá, ògbufọ̀ dúró sí àárín, ó ń gbọ́ ti ìhín, ó ń sọ ọ́ fún ti ọ̀hún. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní módẹ́mù. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Ìgbì inú afẹ́fẹ́ ni òpó fi ń sọ̀rọ̀. Módẹ́mù ló ń sọ èyí di ìyẹn. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn ènìyàn máa ń ra módẹ́mù kékeré kan bí ìka ọwọ́, wọ́n á kì í bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n módẹ́mù ti wà nínú fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan, ẹ ti ní ògbufọ̀. Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹ ní kí ó bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ṣe é. Hotspot ni àwọn ènìyàn ń lò jù, òun ni a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ wá àmì kan lójú fóònù yín tó dà bí wíìlì eléyín ti kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni SETTINGS. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Nínú ilé ibẹ̀, ẹ wá NETWORK & INTERNET. Lórí fóònù Samsung, CONNECTIONS ni ẹ ó rí. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ó rí HOTSPOT. Bí ó bá jẹ́ iPhone ni, PERSONAL HOTSPOT ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dà yín láàmú. Létà mẹ́jẹ̀ẹ̀je H, O, T, S, P, O, T ni kí ẹ máa wá.

Ẹ má tíì tàn án. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ náà ni àwọn ẹ̀rọ mìíràn yóò máa rí, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà fóònù yín síbẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ dín ní létà tàbí nọ́ńbà 8. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí yín, ẹ má sì lo 12345678, nítorí òun ni olè máa kọ́kọ́ dán wò. Bí ẹ bá rí SECURITY, ẹ mú WPA2 tàbí WPA3. Bí ẹ bá mú OPEN tàbí NONE, ẹ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Ará ilé kejì á wá máa wo bọ́ọ̀lù lórí owó yín, ẹ kò sì ní mọ̀.

Ó yá, ẹ tàn án. Ẹ rí i pé MOBILE DATA náà wà ní títàn, àbí kí ni fóònù fẹ́ fún kọ̀ǹpútà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní? Ẹ wá kọjú sí kọ̀ǹpútà. Lórí èyí tó ń lo Windows, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí àmì kan tó dà bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Orúkọ fóònù yín yóò yọ láàárín àwọn orúkọ mìíràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ CONNECT, ẹ wá fi pásíwọ́ọ̀dù sí i. Létà ńlá àti létà kékeré kì í ṣe ohun kan náà níbí o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé "kò gbà" ló jẹ́ pé A ni wọ́n kọ dípò a.

Bí ó bá ń fà tìkọ̀tìkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí fóònù wà. Àwa tí a ń gbé Abẹ́òkúta mọ̀ pé àpáta kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ìgbì afẹ́fẹ́ kì í ráyè gba inú òkúta kọjá. Bí ilé yín bá fara ti àpáta, ẹ gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí gbangba, kí kọ̀ǹpútà wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 10 sí i. Hotspot tún máa ń mu bátìrì, fóònù á sì máa gbóná. Ẹ má fi abẹ́ ìrọ̀rí bò ó.

Ọ̀nà kejì ni okùn ṣájà. Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti rí hotspot, ẹ tan USB TETHERING. Bí okùn kò bá tíì wọlé, kò ní gbà kí ẹ tàn án. Tether ni Òyìnbó ń pe okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ẹ kò lè gbàgbé ìyẹn mọ́. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù nígbà tí iná bá lọ, nítorí kọ̀ǹpútà á máa fún fóònù ní iná bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kò sì sí aládùúgbò tó lè já wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kì í gbé ju iná lọ, wọn kì í gbé ìsọfúnni. Bí ẹ bá so ó tí kò sọ̀rọ̀, ẹ pààrọ̀ okùn.

Bluetooth ni ẹ̀kẹta. Orúkọ ọba ilẹ̀ Denmark kan tó jẹ ní ohun tó lé ní 1000 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fún un. Kì í jẹ bátìrì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. N ó jẹ́wọ́ fún yín. Mo ra dátà GB 10 nígbà kan. Mo tan hotspot, mo ka lẹ́tà méjì lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì gbàgbé láti pa á. Mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tó kù kò tó nǹkan. Mo fẹ̀sùn kan ọmọ mi, mo fẹ̀sùn kan aládùúgbò, kọ̀ǹpútà mi sì ni ó jẹ ẹ́. Kò mọ̀ pé fóònù ni òun ń gbà ṣiṣẹ́. Ó rò pé ilé tí dátà kì í tán ni òun wà, ó sì fi gbogbo òru tún ara rẹ̀ ṣe. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ti aládùúgbò, n kò tíì sọ fún un.

Nítorí náà, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé dátà tí a ń wọ̀n tà ni. Lórí Windows, ẹ wọ SETTINGS, ẹ wá NETWORK & INTERNET, ẹ tẹ Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ fóònù yín, ẹ wá tan METERED CONNECTION. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, LOW DATA MODE ni. Lẹ́yìn èyí, ó máa dín ìjẹkújẹ rẹ̀ kù. Ẹ tún mọ̀ pé fídíò wákàtí kan lè jẹ tó GB 1, bí àwòrán rẹ̀ bá sì mọ́ kedere gan-an, ó lè jẹ tó 3. Lẹ́tà lásán tí kò ní àwòrán kò jẹ tó nǹkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, NCC, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tó bá ti lè má ju 50 lórí 100 lọ. Ẹni tó bá ń ta ata ní Kútọ̀ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí àpò.

Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ padà sí fóònù, ẹ pa hotspot. Ẹ má dúró dè é kí ó pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fún àlejò ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹ yí i padà nígbà tí ó bá lọ. Kò ní bínú, kò ní mọ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé. Kí ẹ tó tan hotspot, ẹ tẹ *323# lórí fóònù yín, ẹ kọ iye dátà tí ẹ rí sínú ìwé yín. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ọmọ yín, tàbí ti kíláàsì, ka ìròyìn fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ pa á, ẹ tún tẹ *323#, ẹ kọ iye tó kù sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ yọ èyí kúrò nínú ìyẹn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ GB tí èkejì jẹ́ MB, ẹ rántí pé GB 1 jẹ́ MB 1024. Ẹ kọ ìdáhùn yín ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.