Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Ń Lọ Sójú Òkun Baltic

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Tallinn, ẹ bọ́ bàtà gogoro sílẹ̀ o. Òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà ìlú àtijọ́ náà, ẹsẹ̀ yín ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ sún mọ́ amọ̀nà yín, kí ẹ lè gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ní Stockholm, ẹ má jẹ́ kí ọjà rírà gba àkókò Vasa mọ́ yín lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun onígi ni. Ọdún 1628 ló rì, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí, nítorí òkè rẹ̀ wúwo jù fún ìsàlẹ̀. 1961 ni wọ́n tó fà á jáde. Ẹ wo kìnnìún tí wọ́n gbẹ́ síwájú rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn!

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ béèrè wákàtí tí ọkọ̀ yín yóò ṣí. Kì í dúró de ẹni tó bá dá rìn lọ.