Irin inú ọrùn ọwọ́ kì í ṣe eegun

Ẹ mú wáyà tí a fi ń so ọgbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan: ó tẹ̀, kò dá. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ní ojú kan náà. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dá sí méjì. Kì í ṣe pé ọwọ́ yín le ju wáyà lọ. Ó ti rẹ wáyà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rẹ irin tí dókítà fi sí ọwọ́ ènìyàn.

Bí ènìyàn bá yọ̀ ṣubú, ọwọ́ ni ó fi ń gbé ara lé ilẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n ara á bọ́ sórí ọrùn ọwọ́, eegun tó wà níbẹ̀, ní ìhà àtàǹpàkò, á sì ṣẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ìyá tí kò rí nǹkan oṣù mọ́, nítorí eegun wọn kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí «Pouteau-Colles» nínú ìwé ilé ìwòsàn, irú ìṣẹ́ eegun yìí ni.

Bí eegun kò bá yẹ̀, báńdéèjì líle funfun tó fún un. Bó bá yẹ̀ púpọ̀, dókítà lè la ara, kó to eegun náà, kó sì fi irin pẹlẹbẹ dè é pẹ̀lú ìṣó tí a ń yí wọlé. Irin náà kì í dógùn-ún. Nínú irin tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, orí ìṣó máa ń yí mọ́ ihò irin gẹ́gẹ́ bí ìdérí ṣe ń yí mọ́ ẹnu ìgò. Nítorí náà, bí eegun tilẹ̀ rọ̀, ìṣó kò ní tètè mì.

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò ṣe irin náà kó nípọn? Ìbéèrè tó dára ni. Irin tó nípọn ní ìlọ́po 2 ṣòroó tẹ̀ ní ìlọ́po 8. Ṣùgbọ́n àyè kò sí. Àwọn iṣan tí ń fa ìka gba orí ibẹ̀ kọjá. Irin tó ga jù á máa há wọn, ó lè gé wọn. Nítorí náà, nǹkan bíi mìlímítà 2 péré ni irin náà ń nípọn.

Irin tín-ín-rín yìí ni yóò di eegun mú títí eegun yóò fi so pọ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni eegun fi ń so. Iṣẹ́ agbára sábà máa ń dúró tó oṣù 3. Bí eegun bá ti so, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé ẹrù, irin á sinmi. Bí kò bá tíì so, irin nìkan ló ń gbé e. Ẹ má sì rò pé ẹrù tí a gbé sókè nìkan ni ẹrù. Bí a bá di ẹ̀rú ọkọ́ mú ṣinṣin, agbára tó ń gba inú eegun yẹn kọjá ju ìlọ́po 2 agbára tí ìka fi dì í mú lọ. Ọkọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń kọ ebè kan ṣoṣo? Ọmọ odó ńkọ́?

Ẹ má torí èyí so ọwọ́ rọ̀ láìmì. Ẹ máa ká ìka, kí ẹ máa nà án, kí ẹ fi ọwọ́ náà jẹun, bí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí kò mì á gan. Kí ẹ padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, kí wọ́n tún ya fọ́tò eegun náà. Bí ìrora tó ti lọ bá padà, bí ọwọ́ bá wọ́, tàbí bí ìka kò bá lè nà mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ náà.

Dókítà á sọ pé «oṣù mẹ́ta», ṣùgbọ́n òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín: bí ìyá kan bá ṣẹ́ ọwọ́ nígbà tí a ń kọ ebè, ta ni yóò bá a kọ ọ́? Ta ni yóò bá a gúnyán? Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ àáró yín lè bá a roko nísinsìnyí, kó wá san án padà nígbà ìkórè?