Orúkọ Tí Ó Wà Lábẹ́ Orin

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ kọ́ lónìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ti ń kọrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀kọ́ bí a ti ń lùlù. Ẹ̀kọ́ bí a ti ń mọ ẹni tí ó ni orin ni: ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹni tí ó fi ohùn kọ ọ́, ẹni tí ó lu ìlù sí i, ibi tí a ti gbà á sílẹ̀, àti ọdún tí a gbà á.

Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í pe ènìyàn pàtàkì kí a má ki í. Nínú oríkì ni a ti ń mọ ilé tí ènìyàn ti wá, àti àwọn tí ó bí i. Àlàyé tí ó ń bá àwo orin rìn náà, oríkì ni. Bí a bá gbọ́ orin tí a kò gbọ́ oríkì rẹ̀, a gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n a kò mọ ìdílé.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ra àwo mọ́. Orí fóònù ni a ti ń gbọ́ orin, láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Spotify, Apple Music, Tidal àti Boomplay. Ní oṣù kẹta ọdún 2018 ni Spotify dé Gúúsù Áfíríkà. Ó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021. Oore ńlá ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọmọ tí kò sí ẹ̀rọ giramofóònù nílé wọn rí lè gbọ́ orin tí a gbà sílẹ̀ kí a tó bí baba rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ béèrè: nígbà tí orin kúrò nínú páálí tí ó bọ́ sínú fóònù, orúkọ ta ni ó sọnù lójú ọ̀nà?

Páálí fẹ̀, àpótí tóóró

Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá tí ó ń pẹ́ kí ó tó tán jáde. Páálí rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: orúkọ àwọn onílù, ti àwọn onígìtá, ti ẹni tí ó bójú tó ẹ̀rọ, àti àlàyé gígùn pẹ̀lú. Nígbà tí àwo kékeré tí a ń pè ní CD dé ní ọdún 1982, ìwé pẹlẹbẹ máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé náà kéré, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kò parẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni orin di fáìlì inú kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1996, Eric Kemp ṣe àpótí kékeré kan tí a ń so mọ́ ìdí fáìlì orin MP3, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí ó ń kọ. ID3 ni orúkọ àpótí náà. Àyè lẹ́tà 30 ni ó ní fún àkọlé orin, 30 fún orúkọ olórin, 30 fún orúkọ àwo, 4 fún ọdún, 30 fún ọ̀rọ̀ kúkúrú, àti àmì kan ṣoṣo fún irú orin tí ó jẹ́. Ẹ wá àyè ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin níbẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ẹ wá àyè onílù, kò sí. Àkọlé gan-an lè má gbà. Orin tí ń jẹ́ Diamonds on the Soles of Her Shoes yóò gé sí Diamonds on the Soles of Her S.

A ti mú àpótí náà gbòòrò láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò tíì kúrò lójú wa: olórin kan, àkọlé kan, àwo kan. Ohun tí fóònù kọ́kọ́ ń fi hàn wá títí di òní nìyẹn. Níhìn-ín ní Johannesburg, mo rí àpẹẹrẹ méjì tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré.

Àpẹẹrẹ kìíní: orúkọ tí kò sí lábẹ́ orin

Ní ọdún 1939, Solomon Linda, ọmọ ilẹ̀ Zulu, kọ orin kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Original Evening Birds, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Gallo nínú ìlú yìí. Mbube ni àkọlé orin náà. Kìnnìún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn òpìtàn sọ pé owó tí ó gbà lórí rẹ̀ kò ju ṣílè mẹ́wàá lọ.

Àwo náà rékọjá òkun. Ẹgbẹ́ akọrin Weavers ní Amẹ́ríkà gbọ́ ọ. Wọn kò gbọ́ èdè Zulu, wọ́n sì ṣi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbọ́, wọ́n wá pe orin náà ní Wimoweh. Ní ọdún 1952 ó gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ni Paul Campbell. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ àdápè ẹgbẹ́ náà ni. Ní ọdún 1961 ni ẹgbẹ́ Tokens tún gbé e jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun, wọ́n pè é ní The Lion Sleeps Tonight, ó sì di orin tí gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni ó wà lábẹ́ ìyẹn náà. Ní ọdún 1962, Solomon Linda kú nínú ìṣẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó gbé ohùn Linda pamọ́. Ohùn náà wà káàkiri ayé. Orúkọ nìkan ni kò bá a lọ, owó sì ń tẹ̀lé orúkọ. Nígbà tí Rian Malan, akọ̀ròyìn ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kọ ìtàn náà jáde ní ọdún 2000, ayé wá mọ̀. Àwọn ọmọ Linda gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní ọdún 2004, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí ìlàjà ní ọdún 2006: wọ́n gbà pé kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa rí nínú owó orin náà, kí orúkọ baba wọn sì wà lára àwọn tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọdún 67 ni ó wà láàárín orin àti orúkọ.

Àpẹẹrẹ kejì: orúkọ tí ó wà lẹ́yìn páálí

Ní ọdún 1985, olórin Amẹ́ríkà kan, Paul Simon, wá sí Johannesburg, ó sì bá àwọn olórin ibí ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Ovation. Láti inú iṣẹ́ náà ni àwo Graceland ti jáde ní ọdún 1986. Orin 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Àkókò ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn olórin má ṣe bá Gúúsù Áfíríkà da nǹkan pọ̀, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi pọ̀ lórí àwo náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ibi tí a ti gbà á sílẹ̀ àti ọdún tí a gbà á kò lè mọ̀ pé àríyànjiyàn kan wà rárá.

Bí a bá wá àwo yìí lórí fóònù, orúkọ Paul Simon ni a óò kọ́kọ́ rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ jẹ́ kí a yí páálí padà. Ray Phiri ni ó ta gìtá. Bakithi Kumalo, ọmọ Soweto, ni ó ta gìtá báàsì. Forere Motloheloa, ọmọ Lesotho, ni ó fi dùùrù àfọwọ́fà tí a ń pè ní àkọ́díọ̀nù bẹ̀rẹ̀ The Boy in the Bubble, orúkọ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú ti Simon gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin náà. Joseph Shabalala, olórí ẹgbẹ́ Ladysmith Black Mambazo, ni òun àti Simon jọ ṣẹ̀dá Homeless. Youssou N'Dour láti Sẹ̀nẹ̀gà wà lára àwọn tí ó lùlù nínú Diamonds on the Soles of Her Shoes.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Nínú orin tí ń jẹ́ Graceland gan-an, gìtá kan wà tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ lọ gbọọrọ bí ẹni tí ń kọrin arò. Gìtá tí a ń tẹ́ kalẹ̀ bí tábìlì ni, irin ni a fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ta á ni Demola Adepoju, onígìtá inú ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn àti ní Èkó ni ó ti gbọ́ orin yìí láìmọ̀ pé ará ilé wọn ni wọ́n ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé páálí kì í ṣìnà. Lórí páálí Graceland, Baghiti Khumalo ni wọ́n kọ dípò Bakithi Kumalo. Nígbà ayé páálí, àṣìkọ kékeré ni. Lórí ẹ̀rọ, ó lè sọ ẹnì kan di ẹni méjì, kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ rẹ̀ má sì rí ìdajì rẹ̀. Ẹ wo ti àwa Yorùbá náà: bí a bá yọ àmì kúrò lórí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń dà. Báyìí ni orúkọ àti àkọlé orin wa ṣe wà lórí ọ̀pọ̀ ojú-ìwé.

Ohun tí a ti ṣe, àti ohun tí ó kù

Kò tọ́ kí a sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò ṣe nǹkan kan. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Spotify bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ àwọn tí ó kọrin, àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin àti àwọn olóòtú rẹ̀ hàn fún ẹni tí ó bá béèrè. Tidal máa ń fi orúkọ àwọn tí ó lo ohun èlò orin hàn bí ó bá rí wọn gbà. Ní ọdún 2023 ni Apple gbé Apple Music Classical kalẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ orin àtijọ́ ti Yúróòpù, níbi tí ènìyàn ti lè fi orúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, ti olùdarí, tàbí ti ẹgbẹ́ onílù wá ohun tí ó fẹ́.

Èyí mú mi ronú. Bí a bá lè wá àyè fún olùdarí àti fún ẹni tí ń ta fáólìn ní Yúróòpù, a lè wá àyè fún oníyàá-ìlù pẹ̀lú. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, ènìyàn lè pọ̀ ju mẹ́wàá lọ lórí pèpéle, ṣùgbọ́n orúkọ olórí ẹgbẹ́ nìkan ni ó máa ń wà lójú fóònù. Ẹni tí ń fi gángan sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Kí a sì mọ ibi tí àlàyé ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń gba orin sílẹ̀. Ẹni tí ó fi orin ránṣẹ́ ni ó ń kọ àlàyé ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí olórin tàbí ẹni tí ń ṣojú rẹ̀ kò bá kọ orúkọ onílù, fóònù kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, láti ọ̀dọ̀ wa ni àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Èkíní, kí olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ láti ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbà rẹ̀. Mbube jẹ́ orin kan. Ohùn Linda ti ọdún 1939 àti ohùn Tokens ti ọdún 1961 jẹ́ ìgbàsílẹ̀ méjì. Ìgbàsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí a ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12. Orin tí a ṣẹ̀dá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ISWC.

Èkejì, kí wọ́n yẹ ọdún wò. Ọdún tí ó wà lójú fóònù lè jẹ́ ọdún tí a tún àwo tẹ̀, kí ó má jẹ́ ọdún tí a kọ́kọ́ kọ orin náà.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi ohun tí fóònù sọ wé ohun tí páálí sọ, bí ẹnì kan nílé bá ṣì ní páálí. Discogs àti MusicBrainz, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, gba olùgbọ́ láàyè láti kọ àlàyé tí ó bá rí kún ti àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà onílù tí ó wà láàyè ní àdúgbò wọn, kí wọ́n béèrè àwo tí wọ́n bá wọn ṣe, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó pé.

Àwọn kan yóò sọ pé adùn orin ni olùgbọ́ ń wá, kì í ṣe orúkọ. N kò bá wọn jà. Ẹni tí ń jó kò ní láti ka ìwé. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ di olùkọ́, ẹni tí ọmọ yóò bi léèrè pé, “Ta ni ó ṣe é?” Bí a bá dáhùn pé, “Ohun tí mo rí lórí fóònù nìyí,” a kò tíì dáhùn.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Orúkọ ta ni ó wà lábẹ́ Wimoweh ní ọdún 1952? Kí ni àdánù tí èyí mú bá ẹni tí ó ni orin?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orin àti gbígbà rẹ̀ sílẹ̀? Fi orin ìlú rẹ ṣe àpẹẹrẹ.
3. Mú àwo kan láti orílẹ̀-èdè rẹ. Kọ orúkọ tí fóònù fi hàn sílẹ̀, kí o wá kọ orúkọ mélòó kan tí kò fi hàn sí i.